Ìgbéyàwó Nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ Írẹ́lándì



Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ wa tí kò mọ orúkọ ilẹ̀ Írẹ́lándì. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn Fadá àti àwọn Sístà tí ó kọ́ àwọn òbí wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ti wá. Pátíríìkì Mímọ́, alágbàwí ilẹ̀ náà, ni a sì fi ṣe alágbàwí Nàìjíríà ní ọdún 1961. Nígbà tí ìròyìn dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2015 pé àwọn ará ilẹ̀ náà ti dìbò kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lè bá ara wọn ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n ẹkún nìkan kò tó. Ó yẹ kí a tọpasẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti rìn.

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń lò láti ọdún 1937 sọ ní apá kọkànlélógójì pé ìjọba yóò máa fi ìṣọ́ra pàtàkì dáàbò bo ìgbéyàwó, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ìdílé dúró. Kò sọ ẹni tí ó lè bá ẹni ṣe é. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò rò pé ó yẹ kí a máa kọ ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀ sínú ìwé. Ní ọdún 1995, àwọn ará ìlú fi ìbò mú òfin tí ó ka ìkọ̀sílẹ̀ léèwọ̀ kúrò nínú ìwé kan náà. Ìbò tí ó fi ju ti àwọn tí ó kọ̀ kò pé 10,000.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin méjì, Katherine Zappone àti Ann Louise Gilligan, tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 2003, pe ẹjọ́ pé kí àwọn agbowó-orí ka àwọn sí tọkọtaya. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá wọn lẹ́bi: ìgbéyàwó tí ìwé òfin ń wí, ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin ni. Àríyànjiyàn wá dé láàárín àwọn amòfin. Àwọn kan ní ilé aṣòfin lè fi òfin lásán yí i padà, níwọ̀n bí ìwé náà kò ti sọ̀rọ̀ kan. Àwọn mìíràn ní ohun tí adájọ́ ti kà nínú òfin ìpìlẹ̀, àwọn ará ìlú nìkan ni ó lè yí i. Ti àwọn wọ̀nyí ni ó borí. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2015, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó dìbò, nǹkan bí 62 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹkùn ìdìbò 43, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kọ̀.

Kádínà Parolin ní Róòmù pè é ní ìṣubú fún ọmọ aráyé. Èyí tí ó gún mi lọ́kàn jù ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Diarmuid Martin ti Dublin, ẹni tí ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó dìbò bẹ́ẹ̀ ni, ọdún méjìlá ni wọ́n fi jókòó nínú ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ. Ọdún méjìlá, ẹ̀yin ará mi! Ìwé òfin kò sá kúrò níbi tí a fi í sí. Ọkàn àwọn tí ó ń kà á ni ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ní tiwa, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 ni òfin Nàìjíríà ti ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, “Ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ wa.” Parí bí i ti báwo? Ọlọ́pàá kì í kọ́ ọmọ ní ohun tí ìgbéyàwó jẹ́. Ìjọ Mímọ́ kò yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Ọlọ́run so pọ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ kan náà sì pàṣẹ pé kí a fi ọ̀wọ̀ àti àánú gba àwọn tí ọkàn wọn ń fà sí ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bí i tiwọn, kí a má ṣe rẹ́ wọn jẹ. Bí ìyá kan nínú wa bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wa ni ó ń bẹ̀rù ju ọlọ́pàá lọ. Ta ni yóò wá sọ́dọ̀ Fadá, nígbà tí ó ti mọ̀ pé kí òun tó délé, orúkọ òun yóò ti dé ọjà?

Ẹni tí ó sì kó ìyàwó kejì pamọ́ sí àdúgbò mìíràn, tàbí tí ó ń fi ìgbájú olóúnjẹ alẹ́ kí ìyàwó rẹ̀, kí ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ Írẹ́lándì ná. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí nínú ilé ni wọn yóò máa pè ní ìgbéyàwó.

Ọ̀pọ̀ wà nínú ìjọ yìí tí ó ti ṣe ìdána, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ní kóòtù, tí wọn kò tíì dé iwájú pẹpẹ. Owó àríyá ni wọ́n ń dúró dè. Kí wọn wá rí Fadá ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn Misa òwúrọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì níwájú àlùfáà àti “bẹ́ẹ̀ ni” tí ó ti ọkàn àwọn méjèèjì wá ni Ìjọ ń béèrè. Kò béèrè aṣọ ẹbí.