Àhesọ Tó Gbé Macaulay Dé Ẹ̀wọ̀n

Herbert Macaulay wà lára àwọn tí ìjọba amúnisìn kò fẹ́ rí sójú ní Èkó. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, òun ló sì ṣíwájú àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Nígbà tí ìjọba rọ Ọba Èkó, Èṣùgbàyí Elékòó, lóyè ní 1925, tí wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, Macaulay gbé ìjà Ọba náà lérí.

Ní 1928, ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ti gbìmọ̀ láti pa Ọba náà nígbèkùn. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Adájọ́ dá Macaulay lẹ́bi ìbanilórúkọjẹ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 6.

Ó dùn mí, torí ìjà tó ń jà kì í ṣe ìjà àṣedànù. Àwọn agbẹjọ́rò gbé ẹjọ́ Ọba náà títí dé Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ (Privy Council) ní London. Ní 1931, ìgbìmọ̀ náà ní ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ìjọba tẹ̀lé òfin kí wọ́n tó lé e kúrò nílùú. Ọdún yẹn náà ni Elékòó padà sí Èkó.

Lóòótọ́, àwọn aláṣẹ máa ń fi òfin ìbanilórúkọjẹ́ àti irú rẹ̀ pa oníròyìn lẹ́nu mọ́. Ní 1984, Òfin Ológun Kẹrin (Decree 4) sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n ọdún 1. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí àwa fúnra wa já pàṣán fún wọn.

Ní Gowon Estate ní Èkó lónìí, gbogbo ẹni tó ní fóònù ti di oníwèé ìròyìn. Ẹnìkan á kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù àwọn onílé pé alága ti kó owó tiransifọ́mà jẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Ègbẹ́dá àti Ìkọ̀tún. “Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fi ránṣẹ́” kò gbani ní kóòtù: ẹni tó tún irọ́ sọ ń jẹ́jọ́ bí ẹni tó pilẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ tó ní ẹ̀rí ló ń gbani.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí alága bá kówó jẹ lóòótọ́, ẹ béèrè rìsíìtì, ẹ wo àkọsílẹ̀ báńkì, kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀.