GBÍGBỌ́ ÌKÌLỌ̀ KÌ Í ṢE ÀÌNÍGBÀGBỌ́

Kà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:9-20

Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé òkun ti léwu, ṣùgbọ́n balógun ọ̀rún gba ti atukọ̀ gbọ́. Ìjì líle dé, wọ́n sì da ẹrù sómi.

Olùfẹ́, lọ́dọọdún ni NiMet ń sọ bí òjò yóò ti rí. Bí dáàmù Ọyán bá kún, wọn a tú omi rẹ̀ sínú odò Ògùn, ìsàlẹ̀ odò a sì kún. Ìwọ ará OPIC Estate, má ṣe wí pé, "Ọmọ Ọlọ́run ni mí, kò kàn mí." Pọ́ọ̀lù pàápàá wà nínú ọkọ̀ náà! Gbàdúrà, kó pàǹtírí kúrò ní gọ́tà. Bí wọ́n bá ní kí o kúrò, tètè kúrò.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní etí tí ń gbọ́ ìkìlọ̀ kí ìjì tó jà, ní orúkọ Jésù. Àmín.