Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Ẹnìkejì Rẹ Bá Yọ̀

  

Bíbélì kíkà: Fílípì 2:1-8 àti 1 Sámúẹ́lì 18:1-4.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wa tó máa ń fo Bíbélì kíkà kọjá wá síbi ọ̀rọ̀ ajíhìnrere. Ẹ padà sókè o, ọ̀rọ̀ tèmi á dúró dè yín.

Ó dáa. Orí yìnyín la ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Eré kan wà tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ òtútù, skéètì orí yìnyín. A mọ oríṣi èyí tó ní táyà kéékèèké lábẹ́, tí àwọn ọmọ wa ń fi rìn lójú títì. Ti orí yìnyín kò ní táyà. Irin gígùn kan ló wà lábẹ́ bàtà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra yìnyín bílọ́ọ̀kù fún òde, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń yọ̀ bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ojú yìnyín kì í gbẹ tán, nǹkan tín-ín-rín kan bí omi máa ń wà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni irin yẹn ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ fìrì bí ẹyẹ, ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń ṣubú. Ohun kan náà ló ń gbé wọn lọ tó sì ń dà wọ́n nù.

Àwọn kan ń fi ṣe fàájì. Tọkọtaya, ìyá àti ọmọ, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa yí pápá yìnyín po. Bẹ́nìkan bá ṣubú níbẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fà á dìde, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi í díje, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀ rárá. Pápá wọn jẹ́ mítà 400 yíká, eré mítà 500 sì fi díẹ̀ ju yíyí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Méjì-méjì ni wọ́n ń sá a, aago ló ń sọ ẹni tó ṣe ipò kìíní. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 40 fún àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ìwọ tó ka Àdúrà Olúwa dé àmín, wọ́n ti parí. Ọdún mẹ́rin tẹ́nìkan fi gbára dì, bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè lọ síbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Erin Jackson lorúkọ rẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, bí erin inú igbó la ṣe ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ò kan ẹranko. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Jackson.) Ọmọ ìlú Ocala ni, ní ìpínlẹ̀ Florida, ibi tí ooru ti ń mú èèyàn, tí kò sí yìnyín rárá àyàfi nínú fíríìjì. Skéètì onítáyà ló fi dàgbà. Nígbà tó kọjá sórí yìnyín, oṣù bíi mẹ́rin péré ló fi kọ́ ọ kó tó wọ ikọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 2018. Ipò 24 ló ṣe. Kò jáwọ́. Nígbà tó fi máa ku díẹ̀ kí Òlíńpíìkì ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní Beijing, òun lẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé nínú eré mítà 500.

Wọ́n wá ní kí gbogbo wọn sá eré àṣàyàn ní Milwaukee, ní oṣù kìíní ọdún 2022 yẹn. Àyè méjì ló wà fún Amẹ́ríkà. Wọn ò wo orúkọ, wọn ò wo ohun tó o ti ṣe láná, ohun tí aago bá sọ lọ́jọ́ náà ni.

Ẹsẹ̀ Jackson yọ̀.

Kò ṣubú lulẹ̀ pátápátá o. Ó kọsẹ̀, ó gbìyànjú, ó dúró padà, ó sì sáré parí. Ṣùgbọ́n ipò kẹta ló ṣe. Ẹni tó dára jù láyé ò ní lọ.

Ta ló ṣe ipò kìíní? Brittany Bowe. Ọmọ Ocala lòun náà, orí skéètì onítáyà lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan náà ló sì tọ́ wọn sọ́nà nígbà yẹn. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn bí ẹní mowó.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí èdè Yorùbá wa ń sọ nǹkan kan fún wa. Ẹsẹ̀ yọ̀. Ọ̀tá yọ̀. Ẹnu wa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìró kan náà la fi ń sọ pé ẹnìkan fẹ́ ṣubú, òun náà la fi ń sọ pé inú ẹlòmíràn dùn sí i. Ó jọ pé àwọn baba wa mọ irú èèyàn tá a jẹ́. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ti yọ̀, ká wò yíká, ẹnìkan ti ń yọ̀. Ó lè má pariwo. Ó tiẹ̀ lè máa sọ pé "Haà, pẹ̀lẹ́ o." Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń ka iye èèyàn tó kù níwájú rẹ̀.

Bowe kò yọ̀ ọ́. Ó lọ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Àyè tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà, tí kò jí, tí kò fi èrú gbà, ó ní kí wọ́n fún Jackson, torí òun ló yẹ kó lọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni tó ṣe ipò kẹta ni àyè bọ́ sí lọ́wọ́, Jackson di ẹni tó ń lọ sí Beijing.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, Jackson sá mítà 500 yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá 37.04. Miho Takagi ọmọ Japan tó ṣe ìkejì sá a ní 37.12. Ẹ fi ojú inú wo bí ìyẹn ṣe kéré tó, kí o tó ṣẹ́jú ó ti tán. Jackson gba wúrà. Kò tíì sí obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan ṣáájú rẹ̀ tó dá gba wúrà fúnra rẹ̀ ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é.

Mo gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń sọ pé, "Ajíhìnrere, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Bowe ṣáà ní eré méjì mìíràn tó máa sá." Òótọ́ ni. Ó ti gba àyè mítà 1000 àti 1500. Kò fi gbogbo nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó sì yá, àyè kan tún ṣí fún Amẹ́ríkà, òun náà padà sá mítà 500 yẹn, ó tún gba idẹ nínú mítà 1000. Àwa oníwàásù fẹ́ràn irú ibí yìí, ká fò sókè ká ní ẹ ò rí i, ó fi fún ni, ó gbà á padà! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fi í sílẹ̀, kò mọ̀ pé àyè kankan máa ṣí. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ò ní sá a mọ́.

Mo sì fẹ́ kí ẹ wo Jónátánì, torí tirẹ̀ kò parí báyẹn. Ọmọ ọba ni, òun ni àrólé Sọ́ọ̀lù. Ó bọ́ aṣọ ìgúnwà lọ́rùn ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún Dáfídì, ó kó idà àti ọrun àti àmùrè rẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, nínú 1 Sámúẹ́lì 23, ó sọ fún Dáfídì pé ìwọ ló máa jọba, èmi á sì ṣe igbá kejì rẹ. Kò ṣe igbá kejì kankan o. Orí òkè Gílíbóà ló kú sí, òun àti baba rẹ̀ tí kò gbọ́n. Kò gba nǹkan kan padà. Síbẹ̀ Bíbélì kò sọ pé ó kábàámọ̀.

Jésù ńkọ́? Nínú Fílípì tẹ́ ẹ kà yẹn, Pọ́ọ̀lù sọ pé ipò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rọ̀ mọ́ ọn. Ó sọ̀kalẹ̀. Àwa lẹsẹ̀ wa yọ̀, òun ló sọ̀kalẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yìí gún mi kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tí mo ń ka díplómà nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n fẹ́ yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa wàásù lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wa. Àwa mẹ́ta la wàásù níwájú àwọn olùkọ́. Ọ̀kan nínú wa, arákùnrin kan tá a jọ ń gbé yàrá kan náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé òun ló mọ̀ ọ́n jù. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pín ẹsẹ Bíbélì sí orí-orí. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n pè é láti ilé pé ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Ó lọ, kò fojú kan oorun. Ilé ìwòsàn ló gbà wá láàárọ̀. Nígbà tó dúró síwájú wa, ọ̀rọ̀ sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti orí kìíní fò sí ìkẹta. Ó ń wo Bíbélì bí ẹni tí kò rí i rí.

Èmi ni wọ́n mú.

Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ ò mọ̀. Mo lè rìn lọ bá wọn kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un gbọ́ lọ́la." Mi ò lọ. Mo wàásù lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn pariwo halelúyà, wọ́n ya fọ́tò mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dìde nínú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ṣe ojúrere fún mi. Ibà ọmọ ọlọ́mọ ni mo pè ní ojúrere.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí mo wo fídíò eré Jackson lórí fóònù, mo pe arákùnrin náà. Ó ń tọ́jú ìjọ kékeré kan ní abúlé báyìí. Mo sọ fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ajíhìnrere, o ò tíì gbàgbé ìyẹn? Bó bá jẹ́ èmi, bóyá ni mi ò bá ti sọ̀kalẹ̀ fún ẹ." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ká ní o tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà pé báwo lọmọ mi ṣe ń ṣe."

Ọmọ náà yè o, ògo ni fún Ọlọ́run. Ó ti wà ní praimárì 5. Àmọ́ látọjọ́ Sátidé ni gbólóhùn yẹn ti wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ kó kúrò.

Ìwọ tó ń ka èyí ńkọ́? Ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀. Ọkọ̀ bà jẹ́ mọ́ ọn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ yín, ìgbéga sì ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ọjà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń yà sọ́dọ̀ rẹ. Mi ò ní kó o gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ fún un. Àmọ́ bí oníbàárà bá béèrè ibi tó kó lọ, ṣé o máa ń júwe ibẹ̀, àbí o máa ń sọ pé o ò mọ̀? Ohùn ọmọ akọrin kan ya lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ ló sì kàn kó máa dá orin. Ṣé o pè é? Mi ò sọ pé ká má bá ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ wí, ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó yọ̀ ló dẹ́ṣẹ̀. Òmíràn, oorun ni kò sùn.

Bó bá sì jẹ́ ìwọ gan-an lẹsẹ̀ rẹ yọ̀, wo Jackson lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, kò kúrò lórí pápá, ó sáré parí. Ká ní ó jókòó sunkún sójú ọ̀nà, kò ní sí ipò kẹta tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ pè é. Nígbà tí wọ́n sì fún un ní àyè, kò gbéra ga pé òun ò gba ìtọrẹ. Ó gbà á, ó lọ. Ẹ ka Sáàmù 94 ẹsẹ 18 kí ẹ tó jáde nílé, ẹ̀yin tẹ́sẹ̀ yín ń yọ̀ láàárọ̀ yìí. Onísáàmù náà mọ bó ṣe ń rí, ó sì mọ ẹni tó gbá a mú.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ tí inú mi dùn, mo dárúkọ rẹ̀ níwájú Rẹ báyìí. (Dárúkọ rẹ̀.) Dárí jì mí. Fún mi ní ìgboyà láti pè é kí oòrùn tó wọ̀. Olúwa, ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí tí kò fojú kan oorun lánàá nítorí ọmọ, nítorí owó ilé, nítorí àìsàn, di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ibi tó ń yọ̀ yìí. Rán ẹnìkan sí i lónìí tó máa béèrè bí ilé ṣe wà. Lórúkọ Jésù la gbàdúrà. Àmín.

Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ lójú ọ̀nà o. Ìpàdé wa di àárọ̀ ọ̀la.