Ìmọ̀ Tí Kò Ṣàǹfààní: Ta Ni Yóò Dá A Mọ̀?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba Onímọ̀ jùlọ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú ìpayà Ọlọ́hun.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ni ọmọ náà ń kọ́ ní yunifásítì. Bàbá ní òun ta ilẹ̀ kí ó lè kàwé, ṣùgbọ́n lẹ́tà lásán ni òun rí nínú ìwé áljẹ́bírà rẹ̀. Ó bi mí pé: “Ààfáà, ṣé èyí kọ́ ni ìmọ̀ tí kò ṣàǹfààní, tí Ànábì máa ń wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí ó padà wá kí mi ní ọdún tó kọjá, mo ní kí ó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ náà fún mi. Ó nawọ́ sí aago ara ògiri. Ó ní bí a bá fi wákàtí márùn-ún kún aago mẹ́sàn-án, aago méjì ni yóò lù. Bí a bá tún fi méje kún un, a ó padà sí mẹ́sàn-án. Méjìlá kò sì yí ohunkóhun padà. Irú ètò bẹ́ẹ̀, tí kì í jáde kúrò nínú ara rẹ̀, tí gbogbo ìgbésẹ̀ sì ní èyí tí ń dá a padà, wà lára ohun tí áljẹ́bírà ìjìnlẹ̀ ń wádìí. Wọ́n ń fi lẹ́tà kọ ọ́ kí òfin kan ṣoṣo lè kárí ohun púpọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Inú àkọlé ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad, láyé Kálífà al-Ma'mun (813–833), ni orúkọ rẹ̀ ti wá: al-jabr. Apá gígùn nínú ìwé náà dá lórí ogún pípín àti àsọọ́lẹ̀ òkú. Ní ilẹ̀ Faransé, Évariste Galois, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ áljẹ́bírà ìjìnlẹ̀ lélẹ̀, kú ní ọdún 1832 ní ọmọ ogún ọdún. Ọdún 1846 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì jáde. Lónìí, ohun tí ó gbé kalẹ̀ wà lára ìlànà tí ń dáàbò bo owó tí ẹ ń fi fóònù ránṣẹ́. Ta ni ì bá mọ èyí nígbà ayé rẹ̀?

Síbẹ̀, kì í ṣe owó ni òṣùwọ̀n àǹfààní. Ìmọ̀ tí ó yẹ kí á sá fún ni èyí tí kò mú ọkàn ẹni rọ̀, tí a fi ń gbéra ga, tàbí tí a fi ń pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ará, ọmọ yẹn mú lẹ́tà rẹ̀ wá pẹ̀lú ìtẹríba. Èmi fi ìmọ̀ ẹ̀sìn ṣèdájọ́ ohun tí n kò mọ̀. Nínú àwa méjèèjì, ìmọ̀ ta ni kò ṣàǹfààní lọ́jọ́ náà?

Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà níwájú yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé kí ẹ tó kọ̀ fún un. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbàgbé ilẹ̀ tí a tà nítorí yín: ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ náà dójú àmì, kí ẹ sì fi kọ́ ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.