Owó Ọ̀yà àti Ìwà Aládùúgbò

Kò sí ẹni tí ó lè dá gbé ayé. Bí ènìyàn lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ó sì lágbára bí erin, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹrù yóò wà nílẹ̀ tí yóò sì wá ẹni tí yóò gbé e ru òun. Àwọn baba wa ti rí èyí kí wọ́n tó wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé kì í ṣe aláìní nìkan ni ó ń wá ìrànlọ́wọ́; àgbà pàápàá ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò wọ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa bóyá ó yẹ kí ọmọdé gba owó kí ó tó ti ọwọ́ bọ akèrègbè. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìrànlọ́wọ́ láàrin àwọn aládùúgbò di ohun títà àti rírà?

Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn Yorùbá ń gbà rí ọwọ́ kún ọwọ́. Èkíní ni àáró. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ a fi ohùn ṣọ̀kan. Wọn a ro oko ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn ní ọ̀la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí kò bá wá sí oko ẹnìkejì rẹ̀ kò ní rí ẹni wá sí tirẹ̀. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tóbi, bí ilé kíkọ́ tàbí òrùlé bíbò, onílé a bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹbí, ọ̀rẹ́, àna àti ará àdúgbò a péjọ, onílé a sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. A kì í jókòó ka iye iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe. Ẹni tí ó ní owó ṣùgbọ́n tí kò ní ọwọ́ púpọ̀ a pe alágbàṣe; wọn a dúnàá dúrà, alágbàṣe a ṣe iṣẹ́, a gba owó rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà pọ̀ ní ìlú kan náà. Èyí kan kò lé èkejì jáde, nítorí olúkúlùkù mọ irú iṣẹ́ tí ó yẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní òde òní, ọ̀nà tuntun kan ti dé tí ojú rẹ̀ jọ ti àgbàṣe, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ́ orúkọ ọ̀wẹ̀. Orí fóònù ni ó wà. Áàpù ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ lókìkí bẹ̀rẹ̀ ní Boston, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ìgbà òtútù ọdún 2008, Leah Busque, obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ IBM, rí i pé oúnjẹ ajá òun ti tán, bẹ́ẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń múra àtijáde. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé dájúdájú, ẹnìkan ní àdúgbò yìí wà nínú ilé ìtajà nísinsìnyí tí ì bá bá òun ra oúnjẹ náà bọ̀ bí òun bá fún un ní nǹkan. Ohun tí ó ṣòro ni bí òun yóò ṣe mọ ẹni náà. Láti inú èrò yìí ni ó ti dá ètò kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. RunMyErrand ni ó kọ́kọ́ pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí pé, bá mi jẹ́ iṣẹ́ mi. Ní ọdún 2010 ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí TaskRabbit. Ohun tí ó ń lépa ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí aládùúgbò máa ran aládùúgbò lọ́wọ́.

Ní ìgbà náà, ẹni tí ó ní iṣẹ́ a kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ṣe é a sì máa dá owó lé e, olúkúlùkù a sọ iye tí òun yóò gbà. Ní ọdún 2014 wọ́n pa ìdíje yìí tì: òṣìṣẹ́ ni yóò sọ iye tí òun ń gbà fún wákàtí kan, ètò náà yóò sì fi òun àti ẹni tí ó ní iṣẹ́ mọ ara wọn. Ní ọdún 2017, IKEA, ilé iṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀ Sweden wá, tí ń ta àga àti tábìlì, ra gbogbo rẹ̀ pátá. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí púpọ̀ nínú ọjà IKEA ni a ń kó wálé ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, ó sì di dandan kí ẹnìkan tò wọ́n pọ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀kan tí ń jẹ́ Airtasker bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Sydney ní ilẹ̀ Australia ní ọdún 2012. Ilé gbígbá, ìṣó kíkàn, ẹrù gbígbé, koríko gígé, gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè fi ìka kan pè wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá yára bú ètò yìí kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Òṣìṣẹ́ yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní oore láàrin wa ni ó jẹ́ iṣẹ́ tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ pé rárá. Ẹ wo káfíńtà tí ń gbé ní àdúgbò. Ìyá kan yóò pè é pé, “Ọmọ mi, wá bá mi kan ìṣó kan ṣoṣo yìí.” Baba kan yóò ní kí ó bá òun tún ilẹ̀kùn ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọlọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran. Bí ó bá béèrè owó, wọn a ní ojú owó ni ó fi ń wo ènìyàn. Ẹ tún wo ọmọ tí a gbà sí ilé ní orúkọ ẹbí, tí ó ń pọn omi, tí ó ń fọ abọ́, tí ó ń ṣọ́ ọmọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sí ilé ìwé. Ó sàn kí a pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí a sì san owó rẹ̀, ju kí a fi ọ̀rọ̀ ẹbí bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀.

Bákan náà ni ti ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn, tàbí ti àlejò tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú ńlá. Ojú lè máa tì wọ́n láti bẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá san owó fún iṣẹ́, wọn a gbé orí sókè, ẹni tí kò rí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò sì rí oúnjẹ jẹ. Kò sí ẹ̀gàn nínú èyí fún ẹni tí ó san owó tàbí fún ẹni tí ó gbà á.

Síbẹ̀, owó ní ìwà tirẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2000, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ 10 ní ìlú Haifa ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Àwọn òbí kan a máa pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ wọn, olùkọ́ a sì ní láti jókòó dè wọ́n. Fún ọ̀sẹ̀ 4 wọ́n kàn ń ṣàkíyèsí bí nǹkan ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, ní 6 nínú àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n pàṣẹ pé òbí tí ó bá fi ju ìṣẹ́jú 10 pẹ́ yóò san owó ìtanràn ṣékélì 10 lórí ọmọ kan. Ẹnikẹ́ni ni yóò rò pé àwọn òbí yóò máa tètè dé. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: àwọn tí ń pẹ́ pọ̀ sí i títí ó fi tó ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n sì mú owó ìtanràn náà kúrò, ìwà àtijọ́ kò padà wá.

Kí ni ó fa èyí? Tẹ́lẹ̀ rí, òbí tí ó pẹ́ mọ̀ pé olùkọ́ ń ṣe òun lóore, ojú a sì tì í láti ni ín lára. Nígbà tí owó dé, ó di pé, “Mo ti san án.” Wọ́n ti fi ṣékélì 10 ra ìtìjú wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó ń jókòó ti inú rere. Nígbà mìíràn a máa lé e dìde, ó sì lè ṣòro fún inú rere láti padà sí ìjókòó rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wá sọ pé, ó dára, ẹ jẹ́ kí a lé owó jáde láàrin aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kí ó rántí àáró. A ń ka iṣẹ́ nínú àáró: oko dípò oko, ọjọ́ dípò ọjọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè àáró mọ̀ pé òun jẹ ẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì mọ̀. Bí àáró bá ní ìṣirò tí kò sì ba ìfẹ́ jẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ìṣirò ni ó ń ba ìfẹ́ jẹ́. Kí ni àáró ní tí áàpù kò ní? Ohun kan ni: pípààrọ̀ ipò. Ẹni tí ó tẹ ẹ̀yìn ba nínú oko mi lónìí ni yóò dúró bí olóko ní ọ̀la, èmi ni yóò sì tẹ ẹ̀yìn ba. Nítorí náà n kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì lè lo agbára rẹ̀ ní ìlòkulò, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yìn mi ni yóò kàn.

Lórí áàpù, púpọ̀ nínú àwọn tí ń pe ènìyàn kò ní dáhùn ìpè ẹnikẹ́ni láé. Ẹnìkan ni yóò máa pàṣẹ, ẹnìkan ni yóò máa wá. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹni tí ó pàṣẹ yóò fi ìràwọ̀ díwọ̀n ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Bí ìràwọ̀ bá dínkù, iṣẹ́ ọ̀la lè wọ́n. Ilé wọn lè wà ní òpópó kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò dúró lórí ilẹ̀ kan náà. Ibi tí ewu wà nìyí. Kì í ṣe inú owó tí ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, bí kò ṣe inú ipò tí kì í yí padà.

Ewu kejì wà pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní owó kò ní ààyè láàrin àwọn tí ń pe ènìyàn. Bí gbogbo ìrànlọ́wọ́ bá kó lọ sí orí fóònù, tálákà tí ó wà ní ìdúró ilé mẹ́ta sí wa yóò di ẹni tí kò ní aládùúgbò. Kí ọlọ́rọ̀ má sì rò pé òun bọ́. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nítorí pé àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní òru, alágbàṣe kò ní mọ̀, nítorí a kò pè é. Ẹni tí yóò mọ̀ ni aládùúgbò tí ó ti mọ́ lára láti máa gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àárọ̀. Ènìyàn ni aṣọ ẹni. Kò sì sí ẹni tí í fi wákàtí yá aṣọ tí yóò bò ó ní ọjọ́ ibi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọkàn sí nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá pe ènìyàn sí iṣẹ́, ìbáà ṣe lórí fóònù tàbí ní ojúkojú, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì san án ní àkókò. Ẹ má ṣe lo orúkọ ẹbí tàbí ti àdúgbò láti gé owó òṣìṣẹ́. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí owó kì í san gbèsè ọpẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ kò ní gba kọ́bọ̀ lé lórí. Bí ilé aládùúgbò bá ń jó, a kì í dúnàá dúrà kí a tó bu omi. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, bí ìyá arúgbó bá ń wá ẹni tí yóò bá òun ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀, ọ̀wẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀; ẹ má ṣe sọ ọ́ di àgbàṣe.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ ipò. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó ti gbá àgbàlá ilé ìwé rí mọ bí ìgbálẹ̀ ti ń dun ẹ̀yìn, kò sì ní yán owó ẹni tí ń gbálẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe kọ ìrànlọ́wọ́ tálákà. Ẹni tí ó bá ń ṣoore nígbà gbogbo tí kì í sì jẹ́ kí a ṣe òun lóore, ọ̀gá ni ó ń fi ara rẹ̀ ṣe, kì í ṣe aládùúgbò. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òwe náà kò sọ pé kí ọ̀tún nìkan máa wẹ òsì, kò sì sọ pé kí òsì máa jókòó kí ó máa ka ìràwọ̀ fún ọ̀tún.