Ṣé Ẹni Tí Kò Wò Ó Ni Kò Jẹ̀bi?

Ẹ bá mi ṣí Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 28 àti 29.

Òfin màlúù ló wà níbẹ̀. Bí màlúù bá kan èèyàn pa, wọ́n á sọ màlúù náà lókùúta, olówó rẹ̀ á sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti máa ń kan èèyàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti sọ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ikú kan òun náà. Ìwo kan náà, òkú kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan mọ̀, ẹnì kejì ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ọ̀jọ́ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa láti Ìbà dé Okokomaiko, ìdí ọkọ̀ la ti ń jẹun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lójú ọ̀nà Badagry yìí ní 1975, àwọn bàbá wa kan ra Ìjàpá tuntun gbáú. Lónìí, ẹnu kọ́ńdọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ "Volks", tòkunbọ̀ la sì ń rà.

Ẹni tó mọ tòkunbọ̀ wò kì í kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Á tètè dé, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, á béèrè ìdí tí wọ́n fi ti ta á kí òun tó dé, torí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni àrùn rẹ̀ máa ń hàn. Á fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ara ọkọ̀ kiri; ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn mọ́. Á fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, kó wò bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, torí omi àgbàrá ti bo òmíràn rí. Á ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Á wo rọ́bà pẹ́dà. Bí ojú máìlì bá ní ọkọ̀ ò tíì rìn púpọ̀, tí rọ́bà sì ti jẹ dán, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, kì í sì í ṣe rọ́bà. Lẹ́yìn náà lá wá wọ abẹ́ ọkọ̀, kó wo páìpù bíréèkì.

Arákùnrin kan tí mo bá lọ wo bọ́ọ̀sì sọ fún mi pé, "Ajíhìnrere, ẹ jẹ́ ká má tú u wò jù. Tá a bá tú u jù, a ò ní lè rà á." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n arákùnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó mọ̀ pé bí mẹkáníìkì bá fi lè sọ pé bíréèkì ti bàjẹ́, ó di dandan kóun tún un ṣe, àbí kóun máa gbé ọmọ LASU àtàwọn ìyá ọlọ́jà Alábà kiri pẹ̀lú ohun tóun mọ̀. Ó fẹ́ ra àìmọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ẹ lè ní, "Wọn ò ṣáà tíì sọ fún un, bíi ti olówó màlúù." Lójú tèmi, wọ́n ti sọ fún un. Èèyàn kì í dijú sí ohun tí kò sí. Kó tó lè sá fún abẹ́ ọkọ̀, ó ti fura pé nǹkan wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ọkọ̀. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má fi ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tó sì ní, "Ẹ má wulẹ̀ sọ bó ṣe wọlé fún mi," kí ló rò pé wọ́n fẹ́ sọ?

Mi ò fi èyí dá opó tó fi owó àjọ ra kòrópe lẹ́bi o, tí kò mọ ẹ́ńjìnnì, tí kò sì lẹ́ni tó máa bá a wò ó. Ẹrù tirẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó tà á. Léfítíkù 19:14 ní ká má fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú, bẹ́ẹ̀ afọ́jú ò lè bi ọ́ pé ibo ni òkúta wà. Nítorí náà, "kò ṣáà bi mí" kì í ṣe ìdáhùn.

Bó bá sì jẹ́ ará ìjọ ló ń tà á ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń tijú láti mú mẹkáníìkì dání. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 23, Éfúrónì ní kí ni irínwó ṣékélì jẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ Ábúráhámù wọn fàdákà náà pé pérépéré níṣojú gbogbo èèyàn. Inú ò bí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ jáde kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìyànà-Ìbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀, kó mọ̀ pé owó òun ti pé, ẹ ràá o, ẹ ò rà á o.