Gbèsè Tí A Jẹ Ọmọ Iṣẹ́

Ní agbègbè Tchaourou, bí ọmọ bá fi ilé ìwé sílẹ̀, a máa ń mú un lọ bá ọ̀gá aránṣọ tàbí mọlémọlé. Ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀?

Ní ọdún 2005 ni ìjọba Benin fi òfin gbé ìwé ẹ̀rí CQP kalẹ̀: fún ọdún 3, ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ètò rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dé CM2 ni ó wà fún. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ lè gba CQM. Èyí jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sọ ọ́ di ẹni tí ó mọ̀wé.

Lójú wa, kò tọ́ kí ìwé jẹ́ ẹnubodè tí a ti ń dá ọmọ padà. Apá kan ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ọ̀gá lè wí pé òun kò mọ̀wé, òun sì ń jẹun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ka àdéhùn fún un kí ó tó tẹ̀ka sí i? Ọmọ tí a ṣe ayẹyẹ òmìnira fún, tí kò lè ka ìwọ̀n tàbí ṣírò èrè, òmìnira rẹ̀ kò tíì pé.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè tí ọmọ ń sọ nílé, kí a fi Faransé kún un. Àánú kọ́ ni èyí, gbèsè ni.